Táyà Tó Tó Ipò Alábòójútó

Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ìtàn ọkùnrin yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ etí gbọ́. Èmi tí mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn pé mo ṣe ojúsàájú. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tó ń fẹ̀ ju ilé wọn lọ ti sú mi tipẹ́.

Orúkọ oyè rẹ̀ gùn. Kí èèyàn tó pè é tán, òùngbẹ á ti gbẹ ẹ́: Alábòójútó Àgbà Yányán fún Ojú Ọ̀nà, Ìkóríta àti Gbogbo Ohun Tí Ń Yí Lórí Wọn. Àwa ará ìlú ò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìwọ̀n là ń pè é bó bá ti yíjú, nítorí òfin kan ṣoṣo ló ń darí ọ́fíìsì rẹ̀: bí ipò èèyàn bá ṣe tó ni ohun tó ń lò ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Àga rẹ̀ ga débi pé àkàbà ló fi ń gùn ún. Bó bá jókòó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa fì bí ẹsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Ife tíì rẹ̀ tó korobá. Tíì á ti tutù kó tó mu ún dé ìdajì, á wá máa fi agídí gbé ìyókù mì, nítorí ẹni ńlá kì í mu nǹkan ṣẹ́kù. Kálàmù rẹ̀ gùn tó ọmọ odó. Bó bá fẹ́ buwọ́ lùwé, Akọ̀wé Àgbà ló ń bá a di ìdí rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì á sì jọ máa wà á lọ wà á bọ̀ lórí ìwé bí ẹni ń ro oko. Ní ti òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ kéré jù, àga tirẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé àgbọ̀n rẹ̀ ló gbé lé tábìlì. Ẹ ó bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà dè é. Bó bá ti ń wọlé, Akọ̀wé Àgbà á ké pé, "Ìwọ̀n yín ńkọ́, ọ̀gá?"

Alábòójútó á fọwọ́ lu àyà, á ní, "Ó ń lé sí i."

Gbogbo wọn á sì kígbe bí ẹni pé wọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, "Háà! Ibo la ó wá fi gbogbo rẹ̀ sí?"

Ìbéèrè tó dáa ni o. Kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń lọ, títí Ọ̀gá Pátápátá láti olú-ìlú fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí ọ̀nà tuntun tí wọ́n là gba ìdí òkè kọjá. Ó ní òun ò tíì fojú kan Alábòójútó rí, kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, kí òun lè dá a mọ̀ láàárín èrò. Alábòójútó ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ayàwòrán yà á bó ṣe rí gan-an: ọkùnrin kúkúrú, oníkùn díẹ̀, tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá sẹ́yìn.

"Ta lèyí?" Alábòójútó bi í léèrè.

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Ojú mi lo yà. Ta ló bi ọ́ ní ojú? Lọ ya ipò mi wá!"

Ayàwòrán lọ. Nígbà tó padà dé, ẹni tó wà nínú àwòrán náà ga kan àjà, èjìká rẹ̀ dí fèrèsé méjì pa, irun orí rẹ̀ sì kún bí igbó. Alábòójútó wò ó títí, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Wàyí o, o rí mi." Àwòrán yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú.

Ohun tó kù ni pé kí ló máa gùn lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń gun ọkọ̀. Akọ̀wé Àgbà ló dá a lábàá pé kó gun alùpùpù bàbá rẹ̀, kí ayé lè rí i pé láti ìdílé àwọn tó ti ń yí lórí ọ̀nà látayébáyé ló ti wá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí.

Ṣé ẹ rí i, alùpùpù yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ní kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ jù máa lò ó. Alábòójútó ò bojú wò ó láti ọjọ́ tó ti rí ọkọ̀ rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lò ó. Agbẹ̀bí ni obìnrin náà. Ìyá Agbẹ̀bí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì kún fún òkúta, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ò lè gbà á. Bí obìnrin bá ń rọbí lókè yẹn, alùpùpù àtijọ́ náà ló ń gbé Ìyá Agbẹ̀bí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti dàgbà o, alùpùpù náà, àmọ́ ó ṣì lágbára. Táyà rẹ̀ nìkan ló ti jẹ tán, tó ń dán bí orí apárí. Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyá Agbẹ̀bí ti ń wá òmíràn, torí táyà alùpùpù àtijọ́ ò wọ́pọ̀ mọ́. Nígbà tó wá rí méjì tó bá a mu, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà létí pápá ìlú.

Inú mẹkáníìkì náà dùn láti rí i, ó sì nídìí. Orí òkè ni ilé rẹ̀ wà, ìyàwó rẹ̀ sì ti wọ oṣù tó máa bí. Oyún àkọ́kọ́ ni.

"Ìyá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò o," ló wí. "Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun."

"Mo rí i lánàá. Ọmọ náà ti sọ̀kalẹ̀. Ìwọ ṣáà bá mi fi táyà yìí sí i kíákíá, kí n má baà di ẹni tó ń yọ̀ ṣubú lórí òkúta nígbà tó bá pè mí. Èyí tó tín-ín-rín yìí ni ti iwájú, íǹsì méjì ààbọ̀. Èyí tó fẹ̀ díẹ̀ yìí ni tẹ̀yìn, íǹsì mẹ́ta. Má ṣe pààrọ̀ wọn."

"Ìyá, èmi náà mà mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ó mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ohun tó fẹ́ ṣe láìpẹ́ yìí, àìmọ̀kan kọ́ ló fà á.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni Alábòójútó ti dé pẹ̀lú Akọ̀wé Àgbà àti ọ̀wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí alùpùpù náà po, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì káwọ́ lé orí.

"Mo rí ọ̀tẹ̀!" ló pariwo. "Ọ̀tẹ̀ wà nínú alùpùpù yìí! Ẹ wo táyà iwájú bó ṣe rù, ẹ wá wo tẹ̀yìn bó ṣe sanra! Ta ló ń wà níwájú? Aṣíwájú ni! Ta ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn? Ọmọlẹ́yìn ni! Ṣé nínú ìjọba tèmi ni ọmọlẹ́yìn á ti sanra ju aṣíwájú lọ?"

"Èèwọ̀!" ni Akọ̀wé Àgbà wí.

"Èèwọ̀!" ni àwọn ìyókù wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kan nínú wọn ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń kà léèwọ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Kékeré," ló pè é. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé láti ìgbà tó ti ń rá kòrò nìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sì kù láyé tó láyà láti pè é. "Kékeré, ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù, iwájú ló ń darí. Bí iwájú bá wúwo jù, kò ní gbọ́rọ̀ sí ọ lọ́wọ́. Alùpùpù yìí ti dàgbà. Ríìmù rẹ̀ tóóró. Bí o bá fi táyà ńlá sí i, ríìmù á fún un lọ́rùn, ikùn táyà á yọ síta, kò sì ní gba àárín fọ́ọ̀kì, irin méjì tó dì í mú, kọjá. Bàbá wa ò kọ́ ọ ni?"

Bàbá wọn kọ́ ọ. Alábòójútó gan-an ló máa ń fi pọ́ńpù fọn táyà nígbà náà, ó sì mọ̀ ọ́n fọn. Àmọ́ èèyàn tó bá ti gun àkàbà dé orí àga, kì í fẹ́ rántí ohun tó mọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ọ̀rọ̀ ìjọba la wà yìí, ẹ jọ̀ọ́. Mo gba alùpùpù yìí fún ayẹyẹ. Bí a bá ti ṣe é tán, ẹ ó rí i gbà padà."

"Bí obìnrin bá wá ń rọbí kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

Alábòójútó ronú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ronú lóòótọ́. Mo mọ̀ ọ́n nítorí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ló yọ fìlà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Akọ̀wé Àgbà. "Kọ ọ́ sílẹ̀: láti òní títí ayẹyẹ á fi parí, ìrọbí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbikíbi nínú àyíká yìí. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó dá a dúró."

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Akọ̀wé Àgbà wí. "Kí ló dé tí a ò ronú kan èyí tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Agbẹ̀bí wo mẹkáníìkì, pé kí òun náà sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ Alábòójútó ti gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ìwọ tí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ yìí, láti òní lọ, mo fi ọ́ joyè Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ohun Róbótó. Wàá máa jókòó nínú ọ́fíìsì mi, lórí àga tó ga dé orúnkún."

Dé orúnkún! Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé orí agolo ló ti ń jókòó láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́. Ó rò ó bí wọ́n ṣe máa kí ìyàwó òun pé ìyàwó Olùdámọ̀ràn. Ó ro ti ọmọ tó ń bọ̀. Ẹnu tó là náà padé wẹ́rẹ́, nígbà tó sì tún ṣí, ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Iwájú gbọ́dọ̀ sanra." Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí gbé táyà rẹ̀ méjèèjì kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Táyà tí wọ́n lọ rà wá jẹ́ ti alùpùpù ńlá òde òní. Yíyípo ríìmù bá a mu, àmọ́ fífẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ. Mẹkáníìkì fi ọṣẹ pa á, ó fi irin tẹ̀ ẹ́, ó fi orúnkún kàn án, títí ó fi wọlé. Ríìmù fún un lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí Ìyá Agbẹ̀bí ṣe wí, táyà náà sì yọ ikùn bí àlùbọ́sà. Wọ́n yọ mọ́gáàdì tó bo táyà lórí kúrò kó lè ráyè, síbẹ̀ fọ́ọ̀kì gbá a mú gírígírí lọ́tùn-ún lósì. Kò yí.

"Kò yí," ni mẹkáníìkì wí jẹ́jẹ́.

"Ohun tó níyì kì í yí kiri," ni Akọ̀wé Àgbà dáhùn.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tún kù. Táyà náà kì í lo túùbù, bẹ́ẹ̀ sì ni ríìmù àtijọ́ náà kún fún sípóòkù, àwọn irin tín-ín-rín tó so ó mọ́ àárín ẹsẹ̀, ibi tí sípóòkù kọ̀ọ̀kan ti wọlé sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí wọ́n bá fọn ọ́n, á mí kanlẹ̀, á sì rọ̀. Mẹkáníìkì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ki túùbù sí i. Alábòójútó ní ká má rí i, pé òun ò lè gun ohun tó ní ìfun nínú. Ìwé ló ní kí wọ́n kì sínú rẹ̀. Ìwé wo ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì? Ọ̀rọ̀ àsọyé Alábòójútó ni. Yàrá kan gbáko ló kún fún un, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà, tí ẹnikẹ́ni ò gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kì í, wọ́n tún kì í, títí táyà náà fi le. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa wúlò fún ohun kan. Ní ti táyà ẹ̀yìn, èyí tó ti dán yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀. Alábòójútó ní ta ló ń wo ẹ̀yìn?

Kí alùpùpù mìíràn má baà bá tirẹ̀ díje lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n kó gbogbo alùpùpù ìlú jọ sínú ọgbà ọ́fíìsì, kí wọ́n sì tì í. Àgádágodo tó fi tì í tóbi bó ṣe yẹ kó tóbi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà nílùú kejì, níbi tí wọ́n ti ń fi wúrà bò ó.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Èrò kún pápá. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n á pín omi dídùn inú ìgò lọ́fẹ̀ẹ́. Alábòójútó jáde nínú ẹ̀wù kan tí etí rẹ̀ ṣì wà nínú ọ́fíìsì nígbà tí òun ti dé àárín pápá, wọ́n gbé e gorí alùpùpù, ó sì nàró.

Ẹ ó bi mí pé ṣebí kò yí. Kò yí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ Akọ̀wé Àgbà. Ó ti ki igi gígùn méjì gba abẹ́ alùpùpù náà kọjá, ó sì ti ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé e lé èjìká, tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀. Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ohun Róbótó ló wà ní igun iwájú lápá ọ̀tún, nítorí ipò rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnnì kò sì ti wúlò lórí èjìká, òun náà ni wọ́n ní kó máa fi ẹnu ṣe ìró rẹ̀.

"Búrúrúrúrúrú!" ni mẹkáníìkì ń ké, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. "Búrúrúrúrúrú!"

"Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ!" ni Akọ̀wé Àgbà kígbe. "Ṣé ẹ ti rí alùpùpù tí táyà rẹ̀ ò fara kan ilẹ̀ rí?"

Wọn ò rí i rí. Òtítọ́ ni Akọ̀wé sọ nínú èyí, mo gbà fún un.

Alábòójútó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti òkè. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Bí mo ti ń yí lọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlọsíwájú ń yí! Èmi ni mo là á, èmi ni mo tẹ́ ẹ! Bí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ẹ rí ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé èmi lẹ rí! Ta ló tóbi tó mi?"

"Kò sí!" ni gbogbo pápá dáhùn. Omi dídùn ò tíì jáde.

Ìgbà yẹn ni obìnrin àgbàlagbà kan já wọ àárín èrò, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, eruku dé orúnkún rẹ̀. Ìyá ìyàwó mẹkáníìkì ni. Láti òwúrọ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

"Ọkọ ọmọ mi dà?" ló ń ké. "Ọkọ ọmọ mi o! Ìyàwó rẹ ti ń rọbí láti òru àná! Ọmọ ò wálẹ̀! Ìyá Agbẹ̀bí dà? Ẹ bá mi wá Ìyá Agbẹ̀bí!"

"Búrúrú..." ni mẹkáníìkì wí, ohùn rẹ̀ sì dákẹ́.

"Kí ló dé?" Alábòójútó bèèrè láti òkè. "Ẹ́ńjìnnì ti kú! Ta ló pa ẹ́ńjìnnì?"

Ìyá Agbẹ̀bí ti wà níwájú wọn, àpò iṣẹ́ rẹ̀ lápá. Bó ti gbọ́ igbe náà ló ti kọ́kọ́ sáré lọ mi ilẹ̀kùn ọgbà tí wọ́n ti àwọn alùpùpù mọ́, àgádágodo ò mira. "Kékeré," ló wí, "sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo pàṣẹ pé..."

"Ọmọ náà ò gbọ́ àṣẹ rẹ. Sọ̀kalẹ̀."

Alábòójútó na ìka sókè. "Ẹ má dá a lóhùn! Olùdámọ̀ràn, máa lọ! Ṣe ìró!"

Mẹkáníìkì wo obìnrin tó kún fún eruku yẹn. Kò tún ronú kan àga mọ́, ì báà ga dé orúnkún, ì báà ga dé òkè àjà. "Ìró wo?" ló pariwo. "Táyà yìí ò lè yí! Kò bá a mu! Mo mọ̀ pé kò bá a mu nígbà tí mo ń fi í sí i! Ọlọ́run, ìyàwó mi!" Ó sì fi igun tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹrù tí ẹni mẹ́rin bá gbé tí ẹnì kan bá bọ́ sílẹ̀. Alùpùpù dà, Alábòójútó dà, ẹ̀wù náà sì dà lé gbogbo rẹ̀. Táyà aláìnífun náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó bọ́ kúrò létí ríìmù, ọ̀rọ̀ àsọyé sì tú jáde káàkiri pápá. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ọmọ kan mú ẹ̀dà kan, ó fi nu imú.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!" Akọ̀wé Àgbà kígbe, àmọ́ ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn bó ṣe ń sọ ọ́.

Mẹkáníìkì ti sáré gbé táyà méjèèjì wá láti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ pápá. Ó yọ ẹsẹ̀ iwájú, ó yọ tẹ̀yìn, ó ki túùbù, ó fi táyà tín-ín-rín sí iwájú, ó fi èyí tó fẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ nígbà tó kan fífọn, nọ́ọ̀tì ló ṣì ń dì, kò ráyè gbé pọ́ńpù. Ìyá Agbẹ̀bí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Alábòójútó ti ń gbọn ẹ̀wù wọn kúrò nínú eruku. Ó gbé pọ́ńpù, ó sì gbé e lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Fọn ọ́n."

Alábòójútó wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó máa gbé e fún. Kò sẹ́ni kankan. Ó wá wo ojú mẹkáníìkì. Èmi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀, àmọ́ ó bọ́ ẹ̀wù ńlá náà sọ́nù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ pọ́ńpù mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ó fọn tiwájú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó fọn tẹ̀yìn, ó jẹ́ kó le ju tiwájú lọ díẹ̀, nítorí èèyàn méjì ló fẹ́ gbé lọ sórí òkè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìyá Agbẹ̀bí gun alùpùpù, mẹkáníìkì fò sẹ́yìn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dún láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹnu bá a dún un, wọ́n sì lọ.

Eruku wọn ò tíì rọlẹ̀ tí ọkọ̀ dúdú gígùn kan fi dé. Ọ̀gá Pátápátá bọ́ sílẹ̀, àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo pápá tó kún fún ìwé, ó wo ọkùnrin kúkúrú tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀rá dúdú kún ojú rẹ̀, tó di pọ́ńpù mú.

"Mo ń wá Alábòójútó," ló wí.

"Èmi ni, ọ̀gá."

Ọ̀gá Pátápátá na àwòrán náà síwájú, ó wò ó, ó tún wo ọkùnrin náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó kan àjà yìí? Ìwọ fọ́kanáísà tó ń fọn táyà, má bá mi ṣàwàdà." Ó yíjú sí Akọ̀wé Àgbà. "Ìwọ, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Akọ̀wé Àgbà wo Alábòójútó dáadáa. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. "Ọ̀gá," ló wí, "èmi ò rí i rí o."

"Alábòójútó ò wá síbi ayẹyẹ ara rẹ̀, àbí? Ó dáa. Ìwọ máa ṣe é láti òní lọ." Kíákíá ni àwọn tó kù ti tò. "Ìwọ̀n yín ńkọ́, ọ̀gá?" ni wọ́n ń bi Akọ̀wé, bí ẹni pé òun náà ni wọ́n ti ń bi láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀gá Pátápátá ti ń padà sínú ọkọ̀. Ó dúró. "Fọ́kanáísà, táyà ẹ̀yìn mi yìí rọ̀ díẹ̀. Bá mi fi afẹ́fẹ́ sí i."

Mo rò pé Bàbá Ìwọ̀n máa bínú. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀, nítorí èmi náà ò láàánú. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lára táyà, ó sì fọn ọ́n bó ṣe yẹ. Dírẹ́bà sọ pé ó ṣeun, wọ́n sì lọ. Èrò náà túká nígbà tí omi dídùn ò jáde. Òun nìkan ló kù, ó jókòó lórí pọ́ńpù, ó ń wo ọ̀nà òkè. Ó ń dà á rò bóyá òun fọn ti iwájú jù, bóyá òun ò fọn ọ́n tó. Bí táyà bá jò láàárín òkúta, tí wọn ò sì débẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà á gan-an, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ìyá Agbẹ̀bí dúró níwájú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ kún fún eruku, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì dìde. "Ṣé wọ́n yè?"

"Obìnrin ló bí. Ìyá ń jẹun, bàbá ń sunkún. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n pẹ́ jù." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ táyà iwájú, ó tẹ tẹ̀yìn. "Ó le bó ṣe yẹ kó le. O fọn ọ́n dáadáa."

Bàbá Ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀, òun náà fọwọ́ tẹ táyà náà wò. Láti ọdún tó ti wà nípò, wọ́n ti yìn ín láràárọ̀, wọ́n ti yìn ín lálaalẹ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì yìn ín nítorí ohun tó ṣe rí.